Ẹni Tó Ń Jẹ Àkọ́yọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

268.

Mo kọ ọ́ sókè kí n lè máa rí i. Dókítà ní kò yẹ kó kọjá 200. Ó fi ìka tẹ nọ́ńbà náà lórí ìwé bí ẹni pé èmi ni mo lọ kọ ọ́ síbẹ̀. "Màmá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá yín nígbà tí àìsàn ọkàn mú wọn lọ?" Mo ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní èmi náà ńkọ́? Mo ní màá pé méjìdínlọ́gọ́ta lóṣù keje. Ó ń kọ nǹkan lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ló fún mi. Kí n yí oúnjẹ padà, kí n máa rìn, kí n padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Bí kò bá wálẹ̀ dáadáa, oògùn ló kù, èyí tí èèyàn ń lò títí lọ.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ lọ fa ẹ̀jẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà ni, torí ó ní òun ò ní í jẹ́ kí n dá lọ. Èmi rèé, mo rí tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Àbúrò mi rèé, tí ẹnu ọ̀nà ilé ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ búrẹ́dì wa ń há mọ́. Nígbà tá a jáde, mo bi í pé, "Tìẹ ńkọ́?" Ó ká ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Ó dáa. 175."

175! Ẹni tó ń fi bọ́tà lé bọ́tà! Ọlọ́run, ẹ dárí jì mí o, àmọ́ ẹ tún ìpín yẹn wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn. Ìyá Óòtì ni mo sọ ọ́, torí kí n tó jókòó dáadáa ó ti dárúkọ óòtì, ọkà tí wọ́n ń sè bí ògì, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bọ́tà, rárá. Awọ adìyẹ, rárá. Ẹran ọlọ́ràá, rárá. Wàrà, àfi èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, èso àti óòtì, kí n máa jẹ ẹ́ dáadáa.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?"

"Búrẹ́dì olóbọ́tà ni mò ń ṣe."

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Mo wá ṣàlàyé àkọ́yọ fún un: búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, a máa ń bẹ́ ẹ sí méjì ní gbígbóná, a ó fi bọ́tà sí i, ẹni tó jẹ́ ahọ́n ilé, tó ń tọ́ búrẹ́dì wò fún gbogbo wa, yóò jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí a tó ta ẹyọ kan. Màmá wa ló fi lélẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ìwọ fúnra rẹ ò bá lè jẹ tán, má tà á fún ọmọ ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń tan ààrò lóòjọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá Óòtì ṣe ìṣirò díẹ̀ sórí ìwé, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. "Ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa jẹ ẹ́."

Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Òun ò mọ ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń retí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Mo gbé àkọ́yọ lé àbúrò mi lọ́wọ́ lónìí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ, ọkùnrin tó ń bá wa po ìyẹ̀fun, dúró. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró. Àbúrò mi pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò kánjú rárá! Bọ́tà ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n rẹ̀, ó fi ìka gbá a padà sẹ́nu.

"Ó dáa," ló wí. "Àmọ́ iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀."

Iyọ̀ mi! Mo ní, "Bí Màmá ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ṣebí èmi lahọ́n báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín síta, àmọ́ inú mi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Óòtì láàárọ̀. Mo rò pé wọ́n ṣèèṣì fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri ni. Òjò rọ̀ títí, ó wọlé sẹ́nu àpò ìyẹ̀fun méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Baálé mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pípín lẹ́tà láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́. A ní ká rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Gbogbo ẹnu géètì ló ń dúró sí. "Ẹ ǹ lẹ́ o! Ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ yẹn ń kọ̀wé?" Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi rin òpópónà mẹ́ta. Nígbà tá a délé, ó din ẹyin méjì nínú bọ́tà. Ó ní, "Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run o, ìyàwó mi, máa ṣọ́ra." Ó sì gbé e mì.

Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò, 160 ni. Àárín àwọn àyànfẹ́ ni mò ń gbé.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Mo lá ọ̀bẹ bọ́tà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìyẹ̀fun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá alásè òtẹ́ẹ̀lì wá kó búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bu ọ̀kan jẹ, ó ń mi orí. "Ẹ ti yí nǹkan kan padà níbí. Ó ti rọrùn lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Àbúrò mi ní òun lòun dín iyọ̀ kù. Kò tilẹ̀ mí kó tó sọ ọ́!

"Ẹ̀yin kẹ̀! Irú ahọ́n báyìí lẹ ń fi pamọ́ látọjọ́ yìí?" Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń rajà lọ́wọ́ mi, kò bọ̀ mí lọ́wọ́ rí.

Mo ròyìn fún baálé mi nílé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Abájọ tí o ò fi sanra. Òjòwú ò lẹ́ran láyà." N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ẹ̀wà ni mo jẹ. Ẹran ni òun jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Ẹrẹ́nà

Mo ti ronú ọgbọ́n kan. Bí n kò bá lè jẹ búrẹ́dì wa, màá ṣe búrẹ́dì tí mo lè jẹ: óòtì, ìyẹ̀fun tí wọn ò bó èèpo rẹ̀, òróró díẹ̀ dípò bọ́tà. Màá sì jẹ àkọ́yọ tèmi lójú gbogbo wọn.

Mo ṣe ogún. Kò wú. Ọwọ́-Ẹ̀rọ gbé ọ̀kan, ó fi kan tábìlì, ó dún gbà. "Màmá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí. Ilé tí mò ń kọ́ ṣẹ́ku ògiri kan." Àní àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jẹ ẹyọ kan tán níwájú wọn. Eyín mi ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Mo dé ibi iṣẹ́, mo bá búrẹ́dì óòtì mẹ́wàá lórí tábìlì, ó wú, ó rọ̀ lọ́wọ́. Àbúrò mi ní, "Mo kàn rọ omi gbígbóná sórí óòtì ná, mo jẹ́ kó mu ún dáadáa kí n tó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí ò ní bọ́tà."

Mo tọ́ ọ wò. Ó dára. Ó dára débi pé inú bí mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ tèmi nínú ilé yẹn, ó tún ti fọwọ́ kàn án, ó sì ti dáa ju bí mo ṣe ṣe é lọ. Mo sọ fún un pé ó gbìyànjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Igbe

Ooru mú. Àbúrò mi gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè ilé ìyẹ̀fun, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré, ó dúró láàárín, ó di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tí mo ti ń rìn láràárọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọge, mo gbé àpò iyọ̀ dání. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ẹni 175." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Inú mi dùn títí alẹ́. Ọjọ́ dídùn kan nìyẹn láti oṣù kan.

Ọjọ́bọ̀, 10 Igbe

Ìkùukùu, kò sí oòrùn. Màmá wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, wọ́n jẹ àkọ́yọ kẹta, wọn ò rí ìkẹrin jẹ. Wọ́n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun bí ẹni tó rẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ni kó o jẹ ìkẹrin." Ó tán. A ò tiẹ̀ rí búrẹ́dì yẹn yọ, ó jóná mọ́ inú ààrò.

Láti ìgbà náà ni mo ti jẹ́ ahọ́n. Ká ní wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹnikẹ́ni á gbà á lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo kú, n kì bá tí gbà gbọ́.

Ọjọ́rú, 16 Igbe

Òjò. Ẹ̀wà. Òjò. Ẹ̀wà.

Ṣòkòtò ìrìn mi ti ń bọ́ nídìí mi. Kí ló tún kù lára mi tó fẹ́ lọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Igbe

Mo ṣe ohun tí kò dáa lónìí, màá sì kọ ọ́.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé ìtòsí máa ń ra búrẹ́dì wa fún wọn. Ó dé, kò tilẹ̀ wò mí, àbúrò mi ló ń wá. "Ahọ́n dà? Ẹ bá mi kí Ahọ́n o, àwọn ọmọ ò ṣẹ́ búrẹ́dì kù mọ́." Èmi ni mò ń jẹ́ Ahọ́n! Orúkọ mi ni!

Nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ lọ mu omi, mo wọ yàrá ìpò, mo bu iyọ̀ ṣíbí kan ààbọ̀ kún ìyẹ̀fun ààrò kejì, bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ gan-an. Mo fẹ́ kó jẹ ẹ́, kó ní ó dáa, kí n wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ahọ́n rẹ̀ ò mọ̀ ju ti adìyẹ lọ.

Àkọ́yọ jáde. Ó bu ìbùjẹ kan. Kò tíì gbé e mì tó fi la ojú. "Ta ló fi iyọ̀ kún un?"

Ó wo Ọwọ́-Ẹ̀rọ, ó wo àwọn tó ń to búrẹ́dì sórí pákó, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ó lè jẹ́ òṣùwọ̀n ló ṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán torí òfin Màmá.

Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó bò mí láṣìírí, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. N kò mọ èyí tí mo kórìíra jù nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Èbìbì

Ogún ọjọ́ ló kù. Óòtì ti gbówó lórí, ẹja náà gbówó lórí. Ìyá Óòtì pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé mò ń jẹ ẹ̀wà? Mo ní kó wá bi baálé mi tá a jọ ń sùn sí yàrá kan, imú rẹ̀ á jẹ́rìí.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. 175 yẹn. Ẹ wò ó, obìnrin yìí ti jẹ búrẹ́dì tó lé ní igba láti oṣù kẹta, ojú rẹ̀ ti wú, bàtà ti ń fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 190 ni. Ó lè jẹ́ 199. Ó kàn sọ ọ́ kó kéré kí tèmi lè tóbi. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, bí ó bá gba ipò kẹta ní kíláàsì, ìkejì ló máa ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbì

Mò ń kó épírọ́ọ̀nù fún fífọ̀. Nǹkan kan wà nínú àpò ti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n wò ó. Mo wò ó.

Ìwé náà ni, wọ́n ká a kéékèèké, ìyẹ̀fun ti wọ gbogbo ojú ìká rẹ̀. Mo fi inú dídùn ṣí i, Ọlọ́run rí mi. Mo ní ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ tá a jọ lọ ni. 301.

Mo tún un kà. Mo lọ sí ẹnu fèrèsé, mo tún un kà níbẹ̀. 301. Ó fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ju tèmi lọ. Ohun tí dókítà fi kálàmù pupa kọ sábẹ́ rẹ̀: kó padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àbúrò mi wà lókè lọ́dọ̀ àwọn àpò. Mo gun àtẹ̀gùn náà, èmi náà ò lè mí dáadáa mọ́.

"Kí lèyí?"

Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Mo ní kó dìde níbẹ̀! Mo pariwo. N kò fẹ́ rí i lórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"O mọ̀ pé 301 ni, o wá ń jẹ àkọ́yọ mẹ́rin lóòjọ́? Ṣé o fẹ́ kú ni? Ta lo fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

"Bí a bá jọ fi í sílẹ̀, ta ni yóò máa jẹ ẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni! Ọwọ́-Ẹ̀rọ! Ológbò!"

Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Irọ́ ni mo pa yẹn. Kì í ṣe torí pé kò sí ẹlòmíì. Ó wù mí ni."

"Kí ló wù ọ́?"

"Kí n jẹ́ ahọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá kú. Ẹsẹ̀ wọn ni mo dì mú. Ẹ̀yin ni wọ́n wò, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ ìkẹrin. Ọdún méjìlélógún, ẹ ò bu ègé kan fún mi rí kí ẹ ní kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Èmi ni mò ń nu tábìlì lẹ́yìn yín. Mo máa ń kó ẹ̀rúnrún tẹ́ ẹ bá jẹ kù jẹ, mo sì máa ń mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀." Ó wò mí. "Nígbà tí dókítà ní kẹ́ ẹ yí oúnjẹ padà, mo mọ̀ pé ẹ ò ní í lè jẹ ẹ́ mọ́, mo ní Ọlọ́run ti rántí mi. Bí mo bá sọ nọ́ńbà mi, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó tọ́ ọ wò. Ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni mo fẹ́. Mo ní bí tiyín bá ti wálẹ̀, màá sọ."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ bú u. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé èmi ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ǹ bá ṣe. Ì bá tiẹ̀ jẹ́ 400. Owú tó wà nínú mi yìí, ọmú kan náà la ti jọ mu ún.

Mo ní, "Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣíbí kan ààbọ̀."

Mo padà sí ìsàlẹ̀, mo ṣí ìwé yìí, mo ka ohun tí mo kọ ní 4 Igbe, bó ṣe di ògiri mú tí inú mi sì ń dùn. Mo di ojú ewé náà mú láti fà á ya. N kò fà á ya. Kó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Èbìbì

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ ọkàn rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n dókítà bínú. Ó ní òun ò lè dúró de óòtì nìkan fún ti àbúrò mi, oògùn ló kọ fún un, ẹyọ kan lójoojúmọ́, pẹ̀lú gbogbo òfin oúnjẹ. Ó ní, "Ta ní ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ nílé?" Mo ní èmi ni.

Ìyá Óòtì rí wa méjèèjì pọ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí oníbàárà tuntun.

Ọjọ́ Ajé, 19 Èbìbì

Mo tún òfin Màmá ṣe, kí wọ́n má bínú sí mi níbi tí wọ́n wà. Láti òní, ẹni tó bá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò jẹ àkọ́yọ tán. Àbúrò mi yóò bu ẹ̀rúnrún tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, láìsí bọ́tà, yóò sì sọ bó ṣe rí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ yìí. Ṣé kò sí ẹni tí kì í jowú nínú ilé yìí ni?

Ọjọ́ Ajé, 26 Èbìbì

204.

Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní kò tíì tó, ṣùgbọ́n òun ò ní í kọ oògùn, kí n máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Mẹ́rin péré! Ṣé ọ̀bẹ bọ́tà ọjọ́ yẹn ni? Àbúrò mi ń dúró níta. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó fò sókè, ó dì mọ́ mi, àwọn èèyàn ń wò wá. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Mo wò ó dáadáa, n kò rí ohun mìíràn níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdu

A jọ ń rìn báyìí, èmi, àbúrò mi àti baálé mi. Baálé mi ti fi gbogbo ẹnu géètì hàn án. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá yẹn, àbúrò mi gùn ún lónìí, kò dúró. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń kà á sínú.

Ó ń jẹ óòtì, ó ń ní ó dùn. Ó gé èso wẹ́wẹ́ sí i. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ tèmi lásán, n kò ronú kan èso.

Ọjọ́ Ajé, 7 Agẹmọ

Mo pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lónìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti fọwọ́ lé àyà, mo gbọ́ ọ, ó ń lù. Mo ní ẹ ṣeun.

Ìwé àyẹ̀wò àwa méjèèjì jáde lọ́jọ́ Ẹtì, a gbà pé a ò ní í ṣí i àfi lónìí. A jókòó sórí pẹpẹ níwájú ààrò. Tèmi 196. Mo kígbe! Mo ti wọlé! Àbúrò mi ṣí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nà án sí mi.

183.

Inú mi dùn. Ẹni tó bá kàwé yìí lọ́jọ́ kan kó gbà mí gbọ́: omi bọ́ lójú mi, mo kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, mo dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún lèmi fi jẹ ẹ̀wà kí n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méje lòun fi kọjá mi. Mo ní, "Oògùn ni." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, oògùn ni," ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọwọ́.

Àkọ́yọ ààrò kìíní jáde. Ó bu ẹ̀rúnrún méjì, ó na ọ̀kan sí mi. "Ọjọ́ ìbí yín ni. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, Ahọ́n."

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rúnrún náà gbóná láàárín ìka mi. Mo gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì.

Mo ní, "Ìwọ kọ́kọ́ jẹ. Iyọ̀ ńkọ́?"

Ó pa ojú dé, ó jẹ ẹ́, kò kánjú rárá. "Ó ku díẹ̀," ló wí. "Ti ààrò kejì, ká fi díẹ̀ kún un."

Mo dìde, mo lọ bu iyọ̀ wá.